Ta Ló Ni Man U? Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Ilé Ìwòran Bọ́ọ̀lù Wa ní Láwánsọ̀n

Bí Man U, ìyẹn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Manchester United ti England, bá ti fìdí rẹmi, ìjà méjì ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wa ní Láwánsọ̀n, Sùúrùlérè. Ìkíní ni ti àwa àti àwọn ará Arsenal tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn. Ìyẹn kì í pẹ́ parí. Ìkejì ni ti àwa fúnra wa. Àwọn kan á ní kóòṣì ló bà á jẹ́, àwọn kan á ní àwọn Glazer tó ni ẹgbẹ́ ni, àwọn kan á ní Ratcliffe, olówó tó wá bá wọn ní ìpín níbẹ̀, ló wá da epo sí iná. Ìyẹn lè dé agogo mẹ́wàá alẹ́, títí onílé á fi pa jẹnẹrétọ̀ lé wa lórí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn láti ọdún mélòó kan wá, ni mo bá jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń béèrè é gan-an ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni Man U gan-an?

Ìdílé Glazer ni àṣẹ tó pọ̀ jù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá wọn, Malcolm Glazer, ará Amẹ́ríkà, ló gba ẹgbẹ́ náà ní 2005. Nígbà tó kú ní 2014, ọmọ mẹ́fà ló fi sílẹ̀: Avram, Kevin, Bryan, Joel, Darcie àti Edward. Ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ ìdí-igi níbẹ̀, orí-ò-jorí ni. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé ẹbí lórí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Mushin rí ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ á fẹ́ ta ilé kí wọ́n gba owó wọn, àwọn kan á ní àwọn ò ní fi ilé bàbá àwọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù kọkànlá 2022 pé àwọn lè ta ẹgbẹ́ náà, ìròyìn tó gbòde ni pé Joel àti Avram ló fẹ́ dúró, pé àwọn yòókù ń wo ẹnu ọ̀nà.

Sir Jim Ratcliffe ni ẹnì kejì tó ní nǹkan tó tóbi níbẹ̀. Ọmọ Failsworth ni, lẹ́bàá Manchester, òun ló dá ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà INEOS sílẹ̀. Ó wọlé ní oṣù kejì 2024. Àwọn tó kù ni àwọn tó ra ìpín wẹ́wẹ́ ní ọjà ìdókòwò.

Mo gbọ́ pé èèyàn lè ra ìpín Man U lórí fóònù. Tí mo bá rà á, ṣé èmi náà ti di onílé?

O ti ní bíríkì kan nínú ògiri. Àmọ́ má ṣe rò pé wọ́n á pè ọ́ sí ìpàdé ẹbí kí ọ̀rọ̀ rẹ sì tà.

Oríṣi ìpín méjì ni Man U ní, A àti B. Ìpín A ni wọ́n ń tà ní ọjà ìdókòwò New York láti oṣù kẹjọ 2012. Dọ́là 14 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìpín A kan, ìbò kan. Ìpín B ni àwọn Glazer kó sọ́wọ́ ara wọn kí Ratcliffe tó ra díẹ̀ nínú rẹ̀, ìpín B kan sì ni ìbò mẹ́wàá. Tí ìwọ àti ọmọ Glazer kan bá ní ìpín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí o na ọwọ́ sókè, ọwọ́ kan ni wọ́n kà. Tí òun náà na ọwọ́, mẹ́wàá ni wọ́n kà.

Ibi tí gbogbo àríyànjiyàn wa ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé. A máa ń béèrè pé ta ló lówó jù, ta ló fẹ́ràn ẹgbẹ́ jù. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé ta ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí Ratcliffe ti wọlé, màá sì máa sọ ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé owó Man U ni wọ́n fi ra Man U?

Òótọ́ tó sún mọ́ ọn ni. Owó tí wọ́n dá lé ẹgbẹ́ náà ní 2005 tó mílíọ̀nù 790 pọ́ùn. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ owó yíyá, ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì gbé gbèsè ọ̀hún kà lórí. Kí àwọn Glazer tó dé, Man U kò jẹ ẹnikẹ́ni ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Àpèjúwe tí mo fi ń yé àwọn èèyàn ni pé kí ẹnì kan wá ra ilé tí ẹ̀ ń gbé ní Ìtìrẹ́. Ó lọ yá owó ní báńkì, ilé yín gan-an ló fi dúró. Nígbà tó gba kọ́kọ́rọ́ tán, ó pe ẹ̀yin ayálégbé jọ, ó ní owó ilé yín ni òun á máa fi san gbèsè báńkì. Òrùlé ń jò, ẹ̀ ń pariwo, ó ní ẹ ní sùúrù, báńkì ló kàn. Bí Old Trafford, pápá Man U, ṣe ń jò lórí àwọn òǹwòran nìyẹn, gbogbo wa la rí omi tó ń dà bí ìṣàn ní oṣù karùn-ún 2024, ọjọ́ tí Arsenal wá nà wá.

Àwọn tó ń ṣírò owó bọ́ọ̀lù ní England ti sọ pé èlé àti àwọn ìnáwó tó rọ̀ mọ́ gbèsè náà ti lé ní bílíọ̀nù kan pọ́ùn. Lórí rẹ̀ náà, àwọn Glazer tún pín èrè fún ara wọn fún ọdún bíi mélòó kan, ó di 2022 kó tó dáwọ́ dúró.

Àmọ́ wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù o. Ṣé wọn ò náwó ni?

Wọ́n náwó. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Pogba ní 2016, Maguire ní 2019, Antony ní 2022, owó ńlá ńlá ni. Àmọ́ owó tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ pa ni wọ́n ná, láti ọwọ́ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ra jẹ́sì, àti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí à ń sanwó fún láti Èkó níhìn-ín.

Bàbá kan ní Òjúẹlẹ́gba sọ fún mi pé ẹṣin ló ta Man U. Kí ló ní lọ́kàn?

Bàbá yẹn mọ̀tàn. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí òun ni ìjà àgbà tó jẹ mọ́ Man U jù lọ, àwọn ọmọdé wa kò sì mọ̀ ọ́n.

Kí 2005 tó dé, àwọn ọkùnrin méjì ará Ireland, John Magnier àti J.P. McManus, ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú Man U. Oníṣòwò ẹṣin ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ Alex Ferguson ni wọ́n sì jẹ́. Wọ́n ní ẹṣin kan tí ń jẹ́ Rock of Gibraltar, orúkọ Ferguson wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Ẹṣin náà wá sáré débi pé ó gba eré ìje ńlá méje léra wọn láàárín 2001 sí 2002. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ gígun abo ni wọ́n fi í sí, owó ibẹ̀ sì ju owó orí pápá lọ fíìfíì. Ferguson ní ìdajì òun dà. Magnier ní orúkọ lásán la fi ọ́ jẹ, kò sí ìdajì kankan.

Ọ̀rọ̀ di ilé ẹjọ́ ní Dublin ní ìparí 2003. Àwọn ará Ireland náà kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Ní oṣù kìíní 2004, wọ́n kọ ìbéèrè 99 ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ alákòóso Man U lórí bí wọ́n ṣe ń ra agbábọ́ọ̀lù. Àwọn méjèèjì padà yanjú ọ̀rọ̀ ẹṣin náà lóṣù kẹta, àmọ́ ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún 2005, Magnier àti McManus ta gbogbo ìpín wọn fún Malcolm Glazer, ó lé ní ìdá mẹ́rin kan gbogbo ẹgbẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà là fún un.

Mi ò sọ pé Ferguson ló ta wá. Ife-ẹ̀yẹ líìgì 13 ló gbà fún wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún un títí dọ̀la. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjà àwọn àgbà méjì lórí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù ló ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni kẹta. Mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Kí wá ni Ratcliffe rà?

Nígbà tó wọlé, ìpín rẹ̀ jẹ́ 27.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Dọ́là 33 ló ra ìpín kọ̀ọ̀kan. Ó tún ṣèlérí mílíọ̀nù 300 dọ́là fún àtúnṣe ẹgbẹ́. Nígbà tó san èyí tó kù níbẹ̀ ní oṣù kejìlá 2024, ìpín rẹ̀ sún sókè sí bíi 29. Nínú àdéhùn, àwọn Glazer gbé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́: ta ni kóòṣì, ta ni wọ́n á rà, ta ni wọ́n á tà.

Ẹ ronú sí kíátékà tó ní yàrá méjì nínú ilé tó ń bójú tó. Òun ló ń gba owó ilé, òun ló ń lé ayálégbé, òun ni gbogbo àdúgbò ń bú tí omi kò bá yọ. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ ta ilé náà tàbí yá owó lé e lórí, àwọn tó ni yàrá tó pọ̀ jù ló ń fọwọ́ sí i. Ratcliffe ni èèyàn ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Joel àti Avram kì í sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí kíátékà ti dé, orúkọ àwọn onílé kì í sábà jáde nínú ìjà wa ní Láwánsọ̀n mọ́, èyí sì dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Glazer sílẹ̀. Ṣé Ratcliffe kọ́ ló ń pa wá báyìí?

Ibi tí ilé wa ti pín sí méjì nìyí, màá gbìyànjú láti ṣe é bó ṣe tọ́.

Àwọn tó ń gbè é ní ilé tó ti bàjẹ́ ló bá. Wọ́n ní ẹni tó ń wo egbò jíjìn gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, fífọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ta. Ẹgbẹ́ ń pàdánù owó lọ́dọọdún, òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ó di dandan kí wọ́n gé e.

Àwọn tó lòdì sí i ní ọwọ́ rẹ̀ lórí tálákà nìkan ló le. Ní 2024, èèyàn bíi 250 ló pàdánù iṣẹ́. Ní oṣù kejì 2025 wọ́n tún kéde pé tó 200 mìíràn á lọ. Wọ́n ti ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Old Trafford, èso ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Láàárín sáà, wọ́n gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì tó kù lọ sí 66 pọ́ùn, ọmọdé àti arúgbó, bákan náà ni gbogbo wọn á san. Owó tí wọ́n ń san fún Ferguson gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ pàápàá, wọ́n dá a dúró.

Èmi wo ibi tí owó ńlá gbà lọ. Oṣù keje 2024 ni wọ́n fi kún àdéhùn kóòṣì wa, Ten Hag, oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n lé e. Dan Ashworth, ọ̀gá ètò bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá Newcastle jà lé lórí títí, oṣù márùn-ún ló lò. Lílé àwọn méjèèjì àti àwọn tó bá Ten Hag ṣiṣẹ́ ná ẹgbẹ́ ní mílíọ̀nù 14.5 pọ́ùn. Èló ni oúnjẹ ọ̀sán àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Obìnrin tó ń ta bọ́ọ̀lì ní ìta wa ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yìí, mi ò sì rí nǹkan kan dá a lóhùn.

Ṣé ẹ̀bi kóòṣì ò sí níbẹ̀ rárá?

Ó wà. Mo rí ìgbà tí Amorim, kóòṣì tó rọ́pò Ten Hag, di ètò agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta sẹ́yìn mú bí ẹni di okùn kànga mú, inú mi bàjẹ́. Sáà 2024-25, ipò 15 la parí sí, póìǹtì 42. Láti ìgbà tí wọ́n ti já wa sí ìsàlẹ̀ ní 1974, a kò parí líìgì burúkú tó bẹ́ẹ̀. Tottenham nà wá 1-0 ní Bilbao nínú àṣekágbá Europa League ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2025. Ní oṣù kẹjọ, Grimsby tó wà ní ìpele kẹrin lé wa dànù nínú ife-ẹ̀yẹ líìgì, pẹnáritì 12 sí 11. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ní ilé wa. Olúkúlùkù gbé bàtà rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Àmọ́ ẹ kà wọ́n láti 2013: Moyes, Van Gaal, Mourinho, Solskjaer, Ten Hag, Amorim. Láàárín wọn, Mourinho ti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dọ̀ àwọn mìíràn kó tó dé, Van Gaal náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Amorim ní oṣù kìíní 2026, ọ̀rọ̀ tó ti bọ́ sí gbangba ni ti àárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí ibi tí àṣẹ kóòṣì parí sí. Bí ọmọ mẹ́fà bá jẹ nínú ìkòkò kan, tí inú gbogbo wọn sì run, ó yẹ ká yẹ ìkòkò náà wò.

Kí ló dé tí ará Qatar yẹn kò rà á?

Sheikh Jassim fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pátápátá. Òun àti àwọn Glazer kò fẹnu kò lórí iye owó, ó sì jáwọ́ ní oṣù kẹwàá 2023. Ratcliffe gbà láti ra díẹ̀, kí àwọn Glazer sì dúró. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́.

Ẹ máa ń dárúkọ Stores ní gbogbo ìgbà. Kí ló kan Stores nínú ọ̀rọ̀ Man U?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí dáadáa.

Bàbá mi kì í ṣe ará Man U. Ará Stationery Stores ni. Israel Adebajo ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1958, wọ́n sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì pè é. Oníkàn ni ilé wọn, pápá tí wọ́n ń pè ní King George V nígbà náà, tí wọ́n tún kọ́, tó wá di Mobolaji Johnson Arena. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968, ní 1982 àti ní 1990. Ní 1968 tí Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ní Mexico, ọmọ Stores kún inú ikọ̀ náà. Bàbá mi máa ń sọ pé bí Stores bá ń gbá bọ́ọ̀lù, láti Ọbáléndé lo ti máa gbọ́ ariwo. Haruna Ilerika ni ó fẹ́ràn jù. Tó bá ń ṣàpèjúwe bí ó ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára èèyàn, yóò dìde lórí àga, yóò fi ẹsẹ̀ ṣe é.

Adebajo kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀, torí ará Èkó ti sọ ọ́ di tiwọn. Ní 1992 wọ́n gba líìgì Nàìjíríà. Ẹ wo bí 1992 ṣe ga tó: ẹgbẹ́ tó dára jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ní Oníkàn níhìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí gbogbo rẹ̀ fi dà rú. Wọ́n já wálẹ̀, ìjà lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ dé, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, Stores sì kúrò lórí pápá. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti gbìyànjú láti jí i dìde. Kò padà sí bó ṣe wà mọ́.

Bàbá mi kò rí ẹgbẹ́ mìíràn tì lẹ́yìn títí ó fi kú. Tí mo bá ń wo Man U, ó máa ń jókòó tì mí, á béèrè pé àwọn wo ló ni wọ́n. Mi ò mọ ìdí tó fi ń béèrè nígbà yẹn. Mo rò pé ara àgbà ni.

Mi ò sọ pé Man U á pòórá bíi Stores. Owó tó ń wọlé fún wọn pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ohun tí Stores kọ́ wa ni pé èrò tó kún pápá kò lè gba ẹgbẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni í bá ti wọ́. Leventis United ti Ìbàdàn, Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, Julius Berger ti Èkó, gbogbo wọn ní èrò. Nígbà tí ẹni tó ń gbé wọn dúró yọ ọwọ́, èrò kò ní ìbò kankan tó lè fi dì wọ́n mú.

Kí ló kan àwa ará Èkó nínú ìjà àwọn òyìnbó?

Ẹni tó bá ń béèrè èyí kò tíì rí ilé wa ní ọjọ́ tí Odion Ighalo kọ́kọ́ wọ pápá fún Man U ní 2020. Ọmọ Ajégúnlẹ̀. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ṣe é rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin ń sunkún, ará Arsenal pàápàá ń pàtẹ́wọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi owó iṣẹ́ aṣọ rírán mi wo ẹgbẹ́ yìí. Bí wọ́n bá wá ń ṣe é báṣubàṣu, ó kàn mí.

Ṣé àwọn olólùfẹ́ lè dá ohunkóhun dúró?

Wọ́n ti ṣe é rí. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BSkyB fẹ́ fi mílíọ̀nù 623 pọ́ùn ra Man U, ìgbìmọ̀ sì ti gbà. Àwọn olólùfẹ́ dìde, wọ́n kọ ìwé, wọ́n jẹ́rìí níwájú àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìjọba sì fagi lé e ní 1999. Ní oṣù kẹrin 2021, wọ́n kéde Super League ní ọjọ́ 18, ìdíje tuntun tí àwọn ẹgbẹ́ olówó ilẹ̀ Yúróòpù, títí kan Man U, fẹ́ dá sílẹ̀ fún ara wọn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 20, àwọn ẹgbẹ́ England ti ń sá jáde. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn olólùfẹ́ wọ inú Old Trafford, ìdíje wa pẹ̀lú Liverpool kò sì wáyé lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n 2005, wọ́n pariwo, wọn ò rí i dá dúró. Àwọn kan bínú kúrò, wọ́n lọ dá FC United of Manchester sílẹ̀. Ní 2010, wọ́n ń wọ ewéko àti wúrà, àwọ̀ Newton Heath, orúkọ tí ẹgbẹ́ wa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1878. Ó rẹwà, gbogbo ayé rí i. Àwọn Glazer kò kúrò. Níbi tí ìjọba tàbí owó bá ti gbọ́ ariwo, ariwo ń ṣiṣẹ́. Ìpín B kò ní etí.

Pápá tuntun ńkọ́?

Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn ní oṣù kẹta 2025: ìjókòó 100,000, owó bíi bílíọ̀nù méjì pọ́ùn. Ó wù mí kí n wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ta ni yóò san án? Bó bá jẹ́ owó yíyá lórí gbèsè 2005, ọmọ wa ni yóò máa ba a san. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń gbè Ratcliffe máa bi í nìyẹn.

Ṣé àwọn Glazer lè lé Ratcliffe?

Wọ́n lè mú un jáde pẹ̀lú ara wọn. Ó wà nínú àdéhùn pé lẹ́yìn oṣù 18 sí ìgbà tó wọlé, bí ẹnì kan bá wá ra gbogbo ẹgbẹ́, àwọn Glazer lè ní kí òun náà ta tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá rò pé Ratcliffe ti borí nínú ìjà yìí, kó tún apá yìí kà.

Ẹ̀yin fúnra yín, ta lẹ fẹ́ kó borí?

Mo ti ronú sí i dáadáa. Mi ò fẹ́ àwọn Glazer. Ọdún tí wọ́n lò ti tó. Ní ti Ratcliffe, mo gbà pé ó fẹ́ kí Man U gba ife-ẹ̀yẹ, àmọ́ bó ṣe ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré kò mọ́ lójú mi.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tí à ń bú jẹ́ ẹni tó ní ìbò. Bó bá jẹ́ Ratcliffe, kó ra a tán kó dáhùn fún un. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, kó wá sí gbangba. Ní Jámánì, ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, òfin ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ, olówó kankan kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé kò sí ìjà níbẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá pariwo, ọwọ́ wọn wà nínú kíkà. Mo mọ̀ pé àwọn Glazer kò ní fi irú rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ṣì fẹ́ ẹ.

Ta ló lè sọ̀rọ̀ ní ìjókòó yín?

Gbogbo ẹni tó bá wá. Lẹ́yìn ìdíje la máa ń jókòó, kì í ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Òfin wa kò pọ̀: má bú ìyá ẹnikẹ́ni, má pe àgbà lórúkọ, bí alága bá ní ó tó, ó tó. Nígbà tí a bá dìbò lórí nǹkan, bíi ìgbà tí a pinnu pé kí olúkúlùkù máa dá owó epo jẹnẹrétọ̀, ìbò kan ni alága pàápàá ní. Àwọn ará Arsenal lè gbọ́, wọn ò lè dìbò. Ẹ tètè wá, torí bẹ́ǹṣì kò ju mẹ́jọ lọ, ẹni tó bá pẹ́ á dúró sẹ́yìn lẹ́bàá fèrèsé.